Àkìtàn Ilé Fábíyìí

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ Èkìtì kan wà tí kì í jẹ iyán, ẹ ò ní gbà. Èmi náà ì bá má gbà, bí kì í bá ṣe pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé ẹni náà. Bàbá Ògúnrìndé, ọmọ Fábíyìí, ní Ìkòrò níbí, tí wọ́n ti ń kọ ebè kí wọ́n tó bí mi, jókòó sínú ilé, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, wọ́n ń jẹ láfún lálẹ́, fún bí ọdún mẹ́fà. Kì í ṣe àìsàn. Kì í ṣe dókítà ló kọ̀ ọ́ fún wọn. Ìbínú ni.

Orúkọ mi ni Nùsírátù, Ìyá Saheed ni wọ́n ń pè mí. Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe, mo sì ń gbé e lọ tà ní Ìjerò. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti Motọ́lání ni, ọmọ Bàbá Ògúnrìndé, ọ̀rẹ́ mi. Òun kì í sọ̀rọ̀. Bí mi ò bá bá a sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò bá a sọ ọ́, inú á sì máa bí mi ni.

Aránṣọ ni Motọ́lání. Arámọkọ ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ náà sì kú tẹ̀ lé e, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́yìn tasí, ó padà wálé wá tọ́jú Bàbá. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Ọláídé, tó ń gun ọ̀kadà ní Arámọkọ. Àwọn méjèèjì yìí nìkan ni Bàbá bí tó ṣẹ́ kù.

Ilẹ̀ Fábíyìí wà lọ́nà Ìjurìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan. Ilẹ̀ pupa ni, ó ní yanrìn díẹ̀ nínú, iṣu sì máa ń ta níbẹ̀ débi pé bí wọ́n bá ń rù ú bọ̀, àwọn èèyàn á dúró lẹ́bàá títì máa wò. Wọ́n ní àṣà kan nínú ilé Fábíyìí. Bí iṣu tuntun bá dé, tí ọdún Ògún bá tó, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu àfi èyí tó bá ti orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá. Tó bá ti jẹ ìyẹn tán, ó lè jẹ iṣu ẹnikẹ́ni títí ọdún á fi yí po. Mùsùlùmí ni mí, mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ Ògún, ṣùgbọ́n àṣà yẹn wù mí. Kò jẹ́ kí àgbàlagbà kankan nínú ilé náà fi oko sílẹ̀ fún igbó.

Lọ́dún tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn tí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó, ni àwọn awakùsà dé. Wọ́n ní òkúta tó ń dán wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Motọ́lání wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, Ọláídé ló wà nílé, Ọláídé sì ní kí wọ́n wọlé. Owó ilé ìwòsàn ló gbé e débẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n sọ fún un pé kòtò kékeré kan báyìí ni àwọn fẹ́ gbẹ́. Kí Bàbá tó padà dé, wọ́n ti gbẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Wọ́n da ilẹ̀ pupa tó ń mú iṣu ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n hú ilẹ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀ jáde lé e lórí, wọ́n ṣa òkúta wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò wá gbá ìyókù lọ sínú odò. Funfun tó kù níbẹ̀, koríko pàápàá kò hù lórí rẹ̀.

Bàbá ní kí wọ́n gbé àwọn lọ wò ó. Wọ́n wò ó láti ẹ̀yìn ọ̀kadà, wọn ò sọ̀kalẹ̀. Wọn ò bá Ọláídé jà, wọn ò bú u, wọn ò kàn bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ilẹ̀ náà sétí àwọn mọ́. Iṣu tuntun dé lọ́dún náà, Motọ́lání gún iyán, ó gbé e síwájú wọn.

Wọ́n ní, "Uṣu ibo nìyí?"

Ó ní, "Ọjà Ìjerò ni mo ti rà á, Bàbá."

Wọ́n rọra ti àwo náà sẹ́yìn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níwọ̀n bí wọn ò ti jẹ tuntun, wọ́n ní àwọn ò jẹ ògbólógbòó náà. Gbogbo wa bẹ̀ wọ́n. Àwọn àgbà ìdílé wá, wọ́n ní Ògún fúnra rẹ̀ kò ní bínú. Bàbá kàn ń wò wọ́n.

Kò ya èmi lẹ́nu o. Mo ti mọ orí kunkun yẹn láti kékeré. Ọdún kan wà tí òjò pẹ́, tí iṣu oko wọn kò tíì gbó, ni Ìyá Motọ́lání bá yọ́ lọ ra iṣu tuntun lọ́jà. Wọ́n fi gún iyán, wọ́n gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bàbá tọ́ ọ wò lẹ́nu báyìí, wọ́n fọwọ́ nù, wọ́n ní àwọn ò jẹ. Àwo tánganran tí Ìyá gbé wá sílé ọkọ ni iyán náà wà nínú rẹ̀, àwo aláwọ̀ búlúù kan tó ní iṣẹ́ ọnà kókókó yí etí rẹ̀ ká. Ìyá gbé àwo náà sókè tòun ti iyán, wọ́n sọ ọ́ mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá. Orí ògiri ni mo wà, mò ń yọjú, ẹ̀rù sì bà mí. Àfi bí Bàbá ṣe bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbá àfọ́kù náà lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì jọ jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ náà. Irú tọkọtaya tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ìyá kò sí mọ́ tí yóò fọ́ àwo. Motọ́lání ló kù, òun kì í sì í fọ́ nǹkan. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ: kí Bàbá jẹ iyán orí ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n tó kú. Aránṣọ ni, aṣọ ló fi ń mọ̀ pé Bàbá ń rù. Lọ́dọọdún ló ń gba ẹ̀gbẹ́ bùbá Bàbá sínú. Mo bá a níbi tó ti ń ṣe é lọ́jọ́ kan, ó di abẹ́rẹ́ mẹ́nu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ. Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀, mo lè dákẹ́ tí mo bá fẹ́.

Ó mú ọkọ́ àti agbọ̀n, ó lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ náà. Òun nìkan. Ó ń bu funfun láti orí òkìtì sínú kòtò, agbọ̀n kan lẹ́yìn òmíràn. Mo tẹ̀ lé e lọ láti lọ bá a wí. Mo ní, "Motọ́lání, ṣé o ti ya wèrè ni? Kátapílà ló gbẹ́ ibí yìí, agbọ̀n lo fẹ́ fi dí i?" Ó ní, "Ìyá Saheed, tí o bá ti wá, bá mi gbé apá ibẹ̀ yẹn." Inú bí mi, mo bá a gbé e. Ẹ̀yìn dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọláídé bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò sẹ́ni tó pè é. Á gun ọ̀kadà rẹ̀ láti Arámọkọ, á kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀ láì yà, á lọ tààrà sórí òkè náà, á bọ́ ẹ̀wù, á sì máa fi ṣọ́bìrì dí kòtò. Bí ó bá ṣe tán, á tún kọjá níwájú ilé náà padà. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí tí mo bá rí i. Mo ti bú u púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé ibẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báyẹn, kí lèèyàn tún fẹ́ bú u sí?

Wọ́n dí kòtò tán, ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì tún funfun bákan náà. Ibẹ̀ ni Motọ́lání ti ṣe àṣìṣe. Gbogbo wa ní Ìkòrò la mọ̀ pé eérú dára fún ẹ̀fọ́. Eérú ìdí ààrò, tí a bá bù ú díẹ̀ sídìí tẹ̀tẹ̀, ewé rẹ̀ á dúdú. Motọ́lání wá rò ó pé bí díẹ̀ bá lè ṣe báyẹn, púpọ̀ á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe eérú igi ló lọ wá. Eérú èèpo kòkó ló lọ tọrọ lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń ṣe ọṣẹ. Eérú yẹn ló ń di ọṣẹ. Tí a bá sẹ́ omi rẹ̀, ó lè bó awọ ọwọ́ èèyàn. Tó bá jẹ́ pé mo wà nílé ni, mi ò ní gbà. Ìlọrin ni mo wà, ọmọ mi obìnrin bímọ, mò ń jẹ ìkómọ lọ́hùn-ún. Àwọn tó fún un rò pé ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọṣẹ ni, wọ́n sì fún un tìfẹ́tìfẹ́, àpò lórí àpò.

Ó dà á sílẹ̀, ó rò ó pọ̀, ó gbin ẹ̀bù iṣu sí i. Òjò rọ̀. Nígbà tí mo dé, ó mú mi lọ wò ó. Ẹ̀bù tó hù nínú wọn, ewé rẹ̀ ti jó bí ẹni da omi gbígbóná sí i. Ìyókù jẹrà sínú ilẹ̀. Mo mú erùpẹ̀ náà, mo fi omi díẹ̀ ra á láàárín ọwọ́, ó ń yọ̀.

Mo ní, "Motọ́lání, ṣé o fẹ́ fi ọṣẹ wẹ ilẹ̀ yìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa èmi náà. A jókòó sílẹ̀ lórí funfun yẹn, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, kí n tó mọ̀, ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Ìyá Saheed, wọn ò ní jẹ ẹ́. Wọ́n á kú kí wọ́n tó jẹ ẹ́." Mo dì í mú. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síbí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀, Dayọ̀ ni wọ́n ń pè é, ìyá rẹ̀ ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo lọ fà á wá. Ó wo ilẹ̀ náà dáadáa, ó bu díẹ̀ ó fọ́n ọn sọ́wọ́, kò sì fi Motọ́lání ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ṣe fi í ṣe. Ó ní, "Ẹ má tíì ronú kan iṣu rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ eérú yìí kúrò ná. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin òtílí. Ẹ má tu ú, ẹ má jó o, kí ewé rẹ̀ máa já sílẹ̀ kó máa jẹrà síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wá ohun tó ti jẹrà pẹ́ dà sí i, ohun tí iná ò tíì kàn."

A gbin òtílí, ẹ̀wà tó ń dàgbà di igi kékeré. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó rí tín-ín-rín, ó ń ṣeni láàánú. Lọ́dún kejì ó ga dé èjìká mi. A gé ewé òdòdó yẹ́lò tó máa ń hù lẹ́bàá títì Ìjurìn, a tẹ́ ẹ sáàárín rẹ̀. Òtílí tí mo jẹ lọ́dún yẹn, àní bí mo bá tún gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú mi á yí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Motọ́lání fi ọwọ́ tú ewé tó já sílẹ̀, ekòló kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pè mí láti òkèèrè. Mo sáré, mo rò pé ejò ló bù ú jẹ. Ó na ekòló náà sí mi lójú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni rí owó he.

Síbẹ̀, ilẹ̀ tó dára nínú rẹ̀ kò nípọn ju ìka èèyàn lọ, iṣu sì fẹ́ ilẹ̀ tó jinlẹ̀. Ohun tó ti jẹrà pẹ́, níbo la ó ti rí i? Motọ́lání ń gbálẹ̀ àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìdọ̀tí lọ dà sórí àkìtàn lẹ́yìnkùlé, ló bá dúró níbẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀. Ìbẹ́pẹ kan hù lórí àkìtàn náà, kò sẹ́ni tó gbìn ín, ó so títí ó ń tẹ̀. Ata wà níbẹ̀, tòmátò wà níbẹ̀. Òun ló máa ń já wọn sọbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, kò sì fìgbà kan ronú sí i.

Àkìtàn ilé Fábíyìí ti wà kí wọ́n tó fi páànù kan ilé náà. Gbogbo ohun tí ilé náà jẹ kù, ibẹ̀ ló ń lọ: èèpo iṣu, eérú ààrò, ìyẹ́ adìẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìkòkò tó fọ́. Ọ̀rá àti ike ló wà lókè. Motọ́lání ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò, ó kó wọn dànù, ó wá gbé ọkọ́ sọlẹ̀. Ilẹ̀ tó jáde dúdú, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ sì dára bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ọkọ́ rẹ̀ wọlé títí dé ìdí igi, kò tíì kan ìsàlẹ̀.

Ọláídé bẹ̀rẹ̀ sí í rù ú. Àpò kan níwájú, àpò kan lẹ́yìn, òun láàárín, ọ̀kadà náà á máa kérora lọ sọ́nà Ìjurìn. Ẹnì kan ládùúgbò bi wá pé kí ló dé tí àwọn ọmọ Fábíyìí ń jí àkìtàn ara wọn kó. Ohun tí mo fi dá a lóhùn kò dára, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Bàbá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níwájú, ojú wọn ti ń ṣú, wọ́n ń gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n bi Motọ́lání pé ta ni. Ó ní, "Ọláídé ni, Bàbá, ó ń bá wa kó àkìtàn." Wọ́n ní, "Hùn-ún." Wọn ò béèrè ibi tó ń kó o lọ. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ilẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà ni àkìtàn náà kárí. Ẹ lọ wò ó lónìí, òkè pátápátá ṣì funfun, òtílí ló ṣì wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ nìkan la kọ ebè sí, a bu àkìtàn sínú ebè kọ̀ọ̀kan, Motọ́lání fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ẹ̀bù bọ̀ ọ́. Nígbà tí iṣu náà gun ọ̀pá, mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí ẹkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Ọdún Ògún dé. Ọláídé wa iṣu kan, ó gùn tó apá èèyàn láti ìgúnpá, ó sì sanra. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó gbé e fún Motọ́lání, òun dúró síta. Èmi àti Motọ́lání la wọlé. Bàbá wà lórí àga wọn. Motọ́lání kúnlẹ̀, ó gbé iṣu náà lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Uṣu ibo nìyí?"

"Orí ilẹ̀ Fábíyìí ló ti wá, Bàbá."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n fọwọ́ pa á láti orí dé ìdí, wọ́n gbé e sí imú. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ó ti parí. Ni wọ́n bá ha erùpẹ̀ ara iṣu náà díẹ̀, wọ́n ra á láàárín ìka, wọ́n sì ra á pẹ́. Ojú wọn yí padà.

Wọ́n ní, "Erùpẹ̀ tiwa ní yanrìn. Èyí rọ̀. Níbo lẹ ti bù ú?"

Ẹnikẹ́ni mìíràn ì bá purọ́. Èmi gan-an ì bá purọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Motọ́lání ní, "Àkìtàn ẹ̀yìnkùlé wa ni, Bàbá. Ilẹ̀ tó wà lórí òkè yẹn ti lọ. Àkìtàn la fi dípò rẹ̀."

Bàbá gbé iṣu náà kalẹ̀. Wọ́n ní, "Àkìtàn kọ́ ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi." Wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Gbogbo ẹ̀yìn tó dùn mí, gbogbo òtílí tí mo jẹ, ó gun orí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo la ẹnu pé kí n sọ̀rọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ àgbà ni wọ́n, mi ò bìkítà mọ́. Ṣùgbọ́n Motọ́lání gbé ọwọ́ lé mi lórí orúnkún. Òun tí kì í sọ̀rọ̀ ló sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

Ó ní, "Bàbá, iṣu tí ẹ ń rù bọ̀ láti orí ilẹ̀ yẹn nígbà ayé ìyá mi, ta ló ń bẹ ẹ́?"

Kò dúró kí wọ́n dáhùn.

"Ìyá mi ni. Níbo ni wọ́n ń da èèpo rẹ̀ sí? Kí wọ́n tó dé, ìyá yín ló ń bẹ ẹ́. Níbo ni àwọn náà ń dà á sí? Erùpẹ̀ ẹsẹ̀ yín tí ẹ bá ti oko dé, tí mò ń gbá láàárọ̀, níbo ni mò ń dà á sí? Ilẹ̀ yẹn ló ń bá yín wálé lójoojúmọ́, Bàbá. Mo kàn gbé e padà ni."

Bàbá ṣì kọjú sí ògiri. Motọ́lání nu ojú rẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ní bí wọn ò bá jẹ ẹ́, òun á jẹ ẹ́. Ó jókòó sórí àpótí níwájú wọn níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu náà. Ó bẹ ẹ́ dé ìdajì, ọ̀bẹ kan nǹkan líle. Iṣu náà ti ta yí nǹkan kan ká, ó gbé e mì. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ tu ú jáde, ó jù ú sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ìbínú, ó sì dún kẹ̀kẹ̀.

Bàbá yíjú padà. "Kí nìyẹn?"

"Àfọ́kù ni, Bàbá. Àwo kan ni."

"Mú un wá."

Ó fi í lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi àtàńpàkò nu erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ, kó, kó, kó. Wọ́n tún tọ̀ ọ́ padà. Mo rí búlúù rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Mo padà di ọmọdé orí ògiri.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti inú ló ti wá, èjìká wọn ń mì, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí Ìyá ti kú. Omi ń ṣàn lójú wọn sínú irùngbọ̀n. Wọ́n ní, "Ó tún ti fọ́ àwo mọ́ mi lára. Obìnrin yìí, ó tún ti fọ́ àwo mọ́ mi lára." Motọ́lání kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò tíì gbọ́njú lọ́jọ́ tí àwo náà fọ́. Èmi ni mo sọ fún un, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n rí ohùn wọn lò, wọ́n ní, "Ọláídé dà?"

Mo ní ó wà níta.

"Ẹ ní kó wọlé wá gún uyán náà. Ọwọ́ Motọ́lání kò le tó."

Irọ́ ni, ọwọ́ Motọ́lání le ju ti èmi àti ẹ̀yin lọ. Kò sẹ́ni tó já wọn nírọ́. Ọláídé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, kò lè dìde fúngbà díẹ̀. Bàbá na ọwọ́, wọ́n fi kan orí rẹ̀, wọ́n ní, "Dìde. Ebi ń pa mí." Nígbà tí iṣu náà jinná, ọmọ náà gún un bí ẹni pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú odó. Kò sí kókó kan báyìí nínú rẹ̀.

Bàbá bu ti Ògún síbi irin wọn lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n gé òkèlè, wọ́n fi kan ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n gbé e mì, wọ́n di ojú. Wọ́n gé òmíràn. Wọ́n gé ẹ̀kẹta, ìyẹn pẹ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n wá rọra gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Bàbá Ògúnrìndé tó jẹ́ pé Ìyá a máa gún odó kan fún wọn nìkan. Ikùn wọn ti gbàgbé rẹ̀.

Motọ́lání wò wọ́n, ó wo iyán tó kù bí òkìtì nínú àwo, ó rọra ti àwo náà sún mọ́ wọn. Wọ́n rí i.

Wọ́n ní, "Ó tó, ọmọ mi. Mo ti jẹ ẹ́. Ó tó."

Ó bu omi wá, ó mú ọṣẹ tèmi, ó sì fọ ọwọ́ náà fún wọn, ìka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jẹ́ kó fọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú. Nígbà tó gbé agbọ̀n èèpo iṣu pé kó lọ dà á sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kó gbé e kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọláídé gbé ọ̀kadà wá sẹ́nu ọ̀nà. A gbé Bàbá lé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n wọ bùbá tí Motọ́lání ti gbà sínú, wọ́n gbé agbọ̀n èèpo náà lé itan, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ẹ̀wù ọmọ wọn mú. Motọ́lání dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà sọ́nà Ìjurìn.